Àparò Kan Ò Ga Ju Ọ̀kan Lọ: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Ọkọ̀ Fagagbága

"Àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè." Ìdajì òwe yìí ló pọ̀ lẹ́nu wa. Bí ẹnìkan bá ti fẹ́ bu ẹlòmíràn kù, á ní àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìdajì kejì tí a máa ń gbé mì ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, torí òun gan-an làwọn awakọ̀ wa ní Iléṣà nílò.

Ẹ dúró ní gáréèjì ọkọ̀ Ifẹ̀ tàbí ti Àkúrẹ́ ní ìdájí, kí èrò tó pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí náà lẹ̀ ń pè ní mọ́tò?" "Tìẹ tó ń mu ọ́ìlì ńkọ́, àbúrò?" Àwàdà ló máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó di ìjà, tí àwọn méjì fa ẹ̀wù ara wọn ya, tí èrò tí wọ́n ń du sì bá ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni.

Ta ló kọ ebè tí àparò gùn? Àgbẹ̀ ni, ó sì làágùn kó tó kọ ọ́ tán. Òwe yìí ò sọ pé ọkọ̀ gbogbo wa dọ́gba, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Ohun tó ń wí ni pé gíga náà ò sí lára àparò rárá. Iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e ga.

Bàbá kan wà lọ́nà Ifẹ̀ tí mọ́tò rẹ̀ ti gbó. Láràárọ̀, kó tó ṣíná, á wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa géèjì ọ́ìlì yọ, á fi àkísà nù ún, á tún kì í bọ̀ ọ́, á wá gbé e sún mọ́ iná tọ́ọ̀ṣì kó lè rí ibi tí ọ́ìlì dé àti àwọ̀ tó ní. Á wo omi rẹdiétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Á fọwọ́ tẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tẹ bíréèkì wò kó tó gbé èrò kankan. Àwọn ọmọ tó ra tòkunbọ̀ dídán máa ń fi í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá tó ń ná ọjà Atákúmọ̀sà máa ń dúró dè é. Ebè rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí òkun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àmọ́ ojú òkun ni mo ti rí ohun tó mú òwe yìí yé mi jù, láàárín àwọn olówó tó ní ọkọ̀ onígbòkun, èyí tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Àwọn náà ń fi ọkọ̀ fagagbága ju tiwa lọ. Ọkọ̀ tó gbówó lórí jù, bí ewédò àti ìkarahun bá ti lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀ lábẹ́ omi, eré rẹ̀ dín kù nìyẹn, ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ha ikùn rẹ̀ mọ́ á sì fi í sílẹ̀. Omi ò béèrè iye tí wọ́n rà á.

"Ọmọdé bó láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, kó fi òwe yìí sọ́kàn. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí àwọn àgbà náà fi bojú. Mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ò mú, tí táyà rẹ̀ ti dán, kì í ṣe àkísà iyì. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ kó èrò gba òkè ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ló fi ń ṣeré, ẹni tó bá sì kìlọ̀ fún un kò bá a ṣe ìlara.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti gbèsè. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi pé. Ẹ wá wo ọmọ Òṣómàáló lónìí, tí ẹlòmíràn wá lóṣòó tì nítorí mọ́tò tó gbà láwìn. Èyí tó ń wà tẹ́lẹ̀ ò ní àrùn kankan. Ẹ̀gàn kan péré ní gáréèjì ló mú un tà á ní ọ̀pọ̀.

Ìdíje fúnra rẹ̀ ò burú. Ní 1851, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ America wá láti New York, ó bá àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díje yí erékùṣù Isle of Wight ká, ó sì gba ife lọ. Ọdún 132 ni ife náà fi wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ New York. Sir Thomas Lipton, oníṣòwò tíì, wá a lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1899 sí 1930, kò rí i gbà, síbẹ̀ ìwà rẹ̀ wu àwọn ará Amẹ́ríkà débi pé wọ́n dá owó jọ, wọ́n fi ife wúrà ta á lọ́rẹ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ní 1983, Australia II, ọkọ̀ àwọn ará Australia, dé láti wá du ife náà. Ben Lexcen tó ya àwòrán ọkọ̀ náà ti fi nǹkan bí ìyẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó wíwúwo tó máa ń wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kó dojú dé. Wọ́n ń fi aṣọ bo ìdí ọkọ̀ náà kí ojú má baà tó o. Àwọn ará New York fẹjọ́ sùn pé ìyẹ́ yẹn lòdì sófin. Ẹjọ́ wọn ò dúró. Dennis Conner, ọ̀gá ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ti jẹ ìdíje 3 sí 1 ṣíwájú, ó sì fìdí rẹmi ní 4 sí 3, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nígbà tí Conner máa lọ gba ife náà padà ní Fremantle, ní Australia, ní 1987, ọkọ̀ tirẹ̀ náà ti ní ìyẹ́. Ó jẹ ìdíje 4, àwọn ará Australia ò jẹ ẹyọ kan.

Nítorí náà, àbúrò mi, bí mọ́tò ẹnìkan bá ń gun òkè tí tìẹ ń hó lórí rẹ̀, lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò ti tán. Bó bá jù ọ́ lọ, kí i dáadáa kó o tó sọ̀rọ̀. Béèrè ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó ń lọ, irú ọ́ìlì tó ń lò, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó pààrọ̀ rẹ̀.