Àtúnṣe lórí Birds of Paradise: ìjà kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Kétu. Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi káàdì Magic: The Gathering (eré ìjà orí káàdì) ṣeré ní Àjàṣẹ́ yọ káàdì ẹyẹ tó ń jẹ́ Birds of Paradise kúrò nínú káàdì wọn, nítorí pé 0 ni agbára ìjà rẹ̀. Òótọ́ ni pé 0 ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ náà sí kò tọ̀nà. Láti 1993 tí káàdì yìí ti jáde, máná (agbára tí a fi ń pe káàdì jáde) aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni a fi ń pè é, bó bá sì tún kan ẹni tó ni ín, yóò máa fún un ní máná kan, àwọ̀ yòówù kó fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó pè é nígbà àkọ́kọ́ tó kàn án, tó sì tún fi káàdì ilẹ̀ kejì lélẹ̀ nígbà kejì (ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní máná kan), yóò ní máná 3 nígbà tí alátakò rẹ̀ ṣì wà lórí 2. Ó tún ń fò, ó sì lè dí ohun tó ń fò lọ́nà (ó ti gbà mí lọ́wọ́ dírágónì rí).

Mo gbà pé bí eré bá ti pẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́, àti pé Lightning Bolt (káàdì mànàmáná tó ń ṣe ìpalára) lè pa á wẹ́rẹ́; síbẹ̀, Bolt tí wọ́n bá ná lé e lórí kò sí fún ẹ̀dá ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.