Máìlì kékeré kì í ṣe ẹ̀rí pé Sienna àgbà dára

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tókunbọ̀, kí ẹ ní Toyota Sienna, bọ́ọ̀sì kékeré ìdílé yẹn, lẹ ń wá. Kí ẹni tó ń tà á tó dárúkọ owó, yóò ti yí kọ́kọ́rọ́, yóò ti nàka sí dáṣíbọọ̀dù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú ara yín wò ó, máìlì 68,000 péré. First body ni o. Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì." Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra ọkọ̀ náà tán lọ́kàn wọn níbẹ̀ yẹn, wọn ò sì tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí tọmọdé tàgbà gbà gbọ́ ni pé ọkọ̀ tí máìlì rẹ̀ kéré kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀, pé èyí tó ti rin 170,000 ti kú tán. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ọdún méjì ni, n kò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn Sienna tí agbára wa ká, ti 2002, ti 2005, ti 2008, ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dáadáa. Lórí ọkọ̀ tó dàgbà tó báyẹn, nọ́ńbà máìlì ló kẹ́yìn nínú ohun tó yẹ kí ẹ wò. Ó lè jẹ́ irọ́. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, òun gan-an ló tún lè kó yín sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká mú irọ́ ṣáájú. Ojú dáṣíbọọ̀dù, níbi tí ẹ ti ń wo eré tí ọkọ̀ ń sá, ni àwọn Sienna yìí ń tọ́jú iye máìlì sí. Ẹni tó bá yọ ọ́, tó fi ti ọkọ̀ mìíràn tó ti fọ́ rọ́pò rẹ̀, máìlì ọkọ̀ tó fọ́ yẹn ni yóò máa hàn. Àwọn réwáyà kan tún ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà tó bá wù wọ́n síbẹ̀, kò sì gba àkókò. Ẹ má rò pé àwọn tó ń tajà nílé níbí nìkan ló ń dán an wò o. Àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ojú pópó l'Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú máìlì èké. Kí ọkọ̀ tó dé èbúté wa rárá nìyẹn.

Òfin wọn wà, àmọ́ ó ní ihò. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kọ iye máìlì sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ tó jẹ́ ti 2010 sẹ́yìn bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí ní kété tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá. Ti 2011 síwájú ni wọ́n sún tiwọn dé ogún ọdún. Gbogbo Sienna láti 1998 dé 2010, tí wọ́n kún títì wa báyìí, ló ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní láti búra fún máìlì wọn mọ́. Ẹ wo ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti ọ̀hún dáadáa. "Exempt" (ìyẹn ni pé òfin náà kò kàn án mọ́) ni ẹ sáábà máa rí níbi ọ̀rọ̀ máìlì, ẹni tó ń tà á kò sì ní ka ìyẹn sí yín létí.

Ẹ tún ṣe ìṣirò díẹ̀. Awakọ̀ ará Amẹ́ríkà kan ń wa bíi máìlì 13,500 lọ́dún. Sienna 2008 tó bá kúrò níbẹ̀ ní 2022 ti lo ọdún mẹ́rìnlá, ìyẹn sún mọ́ máìlì 190,000. Nítorí náà, èyí tó ka 170,000 ló rí bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tó ka 68,000 ló yẹ kí ẹ bi léèrè ibi tó wà láti ọjọ́ yìí.

Àwọn tó wá láti Kánádà tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn, nítorí kìlómítà ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Kìlómítà 180,000 kò ju nǹkan bíi máìlì 112,000 lọ. Mo mọ ẹni tó sá fún ọkọ̀ tó dára gan-an torí pé kò wo lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Bí ẹ ṣe máa já irọ́ náà kò le. Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wà ní abẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó tún wà lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé méjèèjì bá ara wọn mu. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀, ìkẹwàá ló sì ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. (Ẹ ó rí i pé "2008" tí wọ́n pè fún yín lè di 2006 lójú ẹsẹ̀.) Kí ẹ wá fi VIN náà ra àkọsílẹ̀ Carfax tàbí AutoCheck. Wọ́n máa ń to ọjọ́ tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò tàbí tí wọ́n tún un ṣe síbẹ̀, pẹ̀lú iye máìlì tó kà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ 121,000 ní 2014, tí dáṣíbọọ̀dù wá ń ka 68,000 níwájú yín lónìí, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìwé kan náà lè sọ fún yín bóyá omi ti gbé ọkọ̀ náà rí, torí pé ọkọ̀ tí ìjì Harvey rì sómi ní Texas ní 2017 kò kéré, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló parí sí ààtàn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé òótọ́ ni. Ìyá wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, máìlì 68,000 náà sì pé. Ọkàn mi kò ní balẹ̀ síbẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń rin máìlì méjì lọ, tó ń rin máìlì méjì bọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná délẹ̀ kí wọ́n tó tún pa á. Ìrì tó ń sẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì àti epo tí kò jóná tán á máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, nítorí ooru tó yẹ kó lé wọn jáde kò sí. Ẹni tó ni ín á tún máa sọ pé òun ò kúkú lò ó púpọ̀, kò ní pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Nígbà tó bá yá, ọ́ìlì á ki bí ọ̀dà, kò ní lè gba ojú ihò tóóró kọjá lọ sókè ẹ́ńjìnnì. Sienna 1998 sí 2002, tó ń lo ẹ́ńjìnnì V6 1MZ-FE onílítà 3.0, gbajúmọ̀ fún àìsàn yìí. Ẹ̀sùn pọ̀ débi pé ní 2002, Toyota gbà láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe títí di ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà, iye máìlì yòówù kó ti rìn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ gan-an gbé máìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ti timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa yí bára mu, ló burú jù lójú tèmi. Ẹ́ńjìnnì 3.0 yẹn àti onílítà 3.3 tó tẹ̀ lé e, èyí tó wà nínú Sienna 2004 sí 2006, bẹ́líìtì rọ́bà ni wọ́n ń lò. Máìlì 90,000 ni Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Sienna 2005 tó rin 68,000 kò tíì débẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ló ṣì ń yí. Rọ́bà kì í ka máìlì, ó ń gbẹ, ó ń sán. Bó bá já lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa kú sí, tòun tàwọn ọmọ àti ẹrù lẹ́yìn. Èyí tó ti rin 170,000 ńkọ́? Ó ti ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì lè lẹ ìwé kékeré mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ní ti èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ ka owó bẹ́líìtì mọ́ owó ọkọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ pọ́ńpù omi pọ̀ mọ́ ọn, torí bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí i.

Láti 2007 ni Sienna ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńjìnnì 2GR-FE onílítà 3.5, tó ní ṣéènì dípò bẹ́líìtì. Òun ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wá, kódà bí máìlì rẹ̀ bá ga. Àmọ́ òun náà ní àléébù tirẹ̀: páìpù ọ́ìlì kan wà fún VVT-i, ètò tó ń darí fáàfù ẹ́ńjìnnì, àárín páìpù náà sì jẹ́ rọ́bà. Tí rọ́bà náà bá bẹ́, ọ́ìlì á dà nù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Toyota fi odindi páìpù irin rọ́pò rẹ̀ fún àwọn tó gbé ọkọ̀ wọn wá. Kí mẹkáníìkì yín wò ó bóyá irin ló wà níbẹ̀ tàbí rọ́bà. Wíwò yẹn níye lórí ju gbogbo nọ́ńbà dáṣíbọọ̀dù lọ.

Iyọ̀ náà ń bẹ. Ní ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ní 2010, Toyota pe bíi Sienna 600,000 padà, láti 1998 dé 2010, ní irú àwọn ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wáyà tó gbé sípíà táyà rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ń dógùn-ún débi pé táyà lè já bọ́ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó dúró síwájú ilé ní gbogbo ọdún nínú iyọ̀ lè ní máìlì kékeré kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ẹ gbé e sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Ìyókù, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n má tíì tan ọkọ̀ náà. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tàn án dè yín. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ti ki bí ọ̀dà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ léraléra, torí wáyà tó ń fà á máa ń já. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ èrò ìlú dé ìlú: ìjókòó tí wọ́n jó mọ́ ilẹ̀, spring ẹ̀yìn tí wọ́n fún lágbára, òrùlé tí ẹrù ti tẹ̀. Èyí ni máìlì tí mò ń bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ AWD, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kò ní sípíà táyà rárá, run-flat, táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ bó bá jò, ni wọ́n fi rán an jáde, ẹ béèrè iye táyà yẹn kí ẹ tó dunnú. Mẹkáníìkì tí ẹ bá mú lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ san owó rẹ̀, kó má bàa máa retí kọ̀míṣọ̀nnù lọ́dọ̀ ẹni tó ń tajà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹnì kan péré ni ẹ máa ń jáde, ẹ fi Sienna sílẹ̀. Ti 2008 kì í ju bíi kìlómítà mẹ́jọ lọ lórí lítà epo kan, ẹ sì mọ ohun tí epo ti dà láti May 2023. Ilé tó ní ọmọ mẹ́rin àti ìyá àgbà ló lè jàǹfààní rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti mọ gbogbo èyí, ọwọ́ tirẹ̀ ló máa ròkè nídìí ọjà. Sienna 2008 tó ka 175,000, tí ìwé rẹ̀ pé, tí abẹ́ rẹ̀ mọ́, tí páìpù irin wà nínú rẹ̀, ẹ lè ná an wálẹ̀ dáadáa, torí pé ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ gbà pé máìlì ti ba ọjà òun jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa gbà bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi sanwó.