Ẹ Má Kàn Gbé Iṣẹ́ Fún Wọn, Ẹ Fún Wọn Lówó Ọ́fíìsì Náà

Ọ̀rọ̀ owó ọ́fíìsì àwọn ẹgbẹ́ kékeré, ìyẹn owó rẹ́ǹtì, iná àti owó oṣù òṣìṣẹ́, ti pẹ́ tó ti ń dùn wá, a ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Àwọn NGO ńlá òkè òkun, ìyẹn àwọn àjọ aṣèrànwọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ àdúgbò fúnra wọn mọ́ o, ẹgbẹ́ kékeré tó wà nílùú ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún. Bó ṣe ń lọ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì á gbé owó kalẹ̀, NGO ńlá á gbà á, á yọ tiẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ábújá, àwọn yẹn náà á yọ tiwọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa wá kan ẹgbẹ́ tó wà n'Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló mọ ilé tí ẹni tí ò wá gba oògùn HIV rẹ̀ lóṣù yìí ń gbé.

Ẹ gba bọ́jẹ́ẹ̀tì irú ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ wò. Owó ọkọ̀ àwọn volunteer wà níbẹ̀, owó omi àti ìpápánu ìpàdé wà níbẹ̀, bánà náà wà níbẹ̀. Rẹ́ǹtì ńkọ́? Kò sí. Dísù jẹnẹrétọ̀? Kò sí. Owó oṣù akáńtáǹtì, ìdajì ni wọ́n fọwọ́ sí, oṣù mẹ́fà péré, àmọ́ tí àwọn ọ́díìtọ̀ bá dé, gbogbo rìsíìtì pátá ni wọ́n máa bèèrè. Tí prójẹ́ẹ̀tì bá ti parí báyìí, akáńtáǹtì á wáṣẹ́ lọ síbòmíì, onílé á gba ilé rẹ̀, tí owó míì bá wá dé lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní ẹgbẹ́ yẹn ò ní kàpásítì, pé kò ní òṣìṣẹ́ àti ètò tó lè gbé iṣẹ́ náà. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó ti rí i?

Kì í ṣe pé kò sí òfin fún un o. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òfin owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà ti gbà kí ẹgbẹ́ tí ò tíì bá wọn dúnàádúrà lórí iye owó ọ́fíìsì gba ìdá 10 nínú 100 fún ìnáwó ọ́fíìsì, wọ́n tún sọ ọ́ di 15 ní October 2024. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ló ń buwọ́ lu àdéhùn tí kọ́bọ̀ ò sí fún un níbẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé táwọn bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì.

Ìlérí sì ti pọ̀ jù. Ní Istanbul lọ́dún 2016, àwọn olówó àti NGO ńlá jọ gbà pé tó bá fi máa di 2020, ìdá 25 nínú 100 owó ìrànwọ́ pàjáwìrì á máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀. 2020 dé, èyí tó dé ọwọ́ wọn tààrà ò tó ìdá 5. USAID, àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà nígbà yẹn, náà ṣèlérí ìdá 25 lọ́dún 2021, nígbà tó fi di 2023 kò tíì tó 10, kí Trump tó wá dá owó dúró ní January 2025, tí wọ́n sì kógbá USAID fúnra rẹ̀ wọlé ní July ọdún yẹn. Ẹgbẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó ní owó ìpamọ́ kankan látọjọ́ yìí, kí ló fẹ́ fi sanwó oṣù?

Lóòótọ́, àwọn NGO ńlá kan ti gbìyànjú. ActionAid gbé orílé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ Johannesburg, Oxfam International lọ Nairobi, MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aṣèrànwọ́, dá ibùdó àṣẹ kan sílẹ̀ l'Abidjan lọ́dún 2019. A yìn wọ́n. Àmọ́ tí ọ́fíìsì bá wá sí Áfíríkà, tí àwọn tó ń ya owó sọ́tọ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tá à ń pa làpálàpá.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé àwọn èèyàn wa ò lè ṣe é. ARFH, ẹgbẹ́ ètò ìlera ìdílé tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1989, ti gba owó tààrà lọ́wọ́ Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà. APIN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti HIV, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000 lábẹ́ Yunifásítì Harvard, ọmọ Nàìjíríà ló ń darí ẹ̀ lónìí.

Àwọn ẹgbẹ́ tiwa náà, ẹ gbọ́ o: ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ìyàwó olùdásílẹ̀ àti àbúrò ìyàwó ló wà ní bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó máa fọkàn tán an, ẹ tún un ṣe.

Ohun tá a fẹ́ ni pé kí NGO tó bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀ máa pín owó ọ́fíìsì fún pátínà rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tó gbé iṣẹ́ fún, ní ìdá kan náà tóun gbà, kí àdéhùn má dín ní ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì pe pátínà yẹn jókòó kí wọ́n tó kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Mínísírì bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ètò ọrọ̀ ajé l'Ábújá ló ń forúkọ àwọn NGO òkè òkun sílẹ̀. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù wọn: lésìí, èló lẹ fún àwọn pátínà yín nílẹ̀ yìí nínú owó ọ́fíìsì tẹ́ ẹ gbà?