Ọjà Kò Tíì Dé Ìsọ̀, Ìpolówó Ti Gba Ìlú

Pátákó ti dúró ní oríta. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwòrán ọmọ tó ń sunkún wà lápá kan, àwòrán ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín wà lápá kejì. Àwọn aláṣẹ ìlera ní àwọn fẹ́ kí òbí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa tètè gbé ọmọ akànda, ìyẹn ọmọ tó ní ìpèníjà ara, wá fún ìtọ́jú. A kò bá èrò náà jà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò tẹ́ wa lọ́rùn, a sì ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń kiri àgbàdo, tó ń ké "láńgbé jinná o", orí ara rẹ̀ ni àgbàdo náà wà. Pátákó tiwa kò sọ ilé ìwòsàn tí ìyá yóò lọ, kò sọ ọjọ́, kò sọ iye owó, kò sọ ẹni tí yóò béèrè bó bá débẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. Bí obìnrin kan bá wọkọ̀ láti Abígí dé Ṣàgámù, tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ le gbagidi sẹ́yìn, tí wọ́n wá sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé òní kọ́ ni físíò, oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, ń wá, kò ní padà wá mọ́. Àwọn tó bá sì ròyìn fún kò ní wá rárá.

Ta tiẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Ìyá ọmọ oṣù 6 kò gbà pé abirùn lòun bí. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà kàn ń falẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ náà kò tètè rìn. Bó bá rí ọ̀rọ̀ abirùn lára pátákó, yóò kọjá lọ. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nílé ló yẹ kí wọ́n kéde fún un, kí wọ́n sì fi èdè ilé sọ ọ́: ọmọ oṣù 2 tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bá a ṣeré, ọmọ oṣù 4 tí kò lè dá orí rẹ̀ dúró, tàbí tó di ọwọ́ pa ní gbogbo ìgbà, ọmọ oṣù 9 tí kò lè dá jókòó, ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tí kò lè rìn, ọmọ tí ariwo ìlẹ̀kùn kì í ta jí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó falẹ̀ ló ní àìsàn, àyẹ̀wò ni yóò fi hàn. Ṣùgbọ́n bí ààrin ẹyinjú ọmọ bá ń funfun, kí ìyá rẹ̀ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibi tí a ti ń tẹnu mọ́ ọn látọjọ́ yìí ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá tí kò ní ka pátákó ń gbé ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ó tún ń bọ̀ ní oṣù 9 àti oṣù 15. Káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè méjì péré nígbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sára káàdì, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i, èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, èyí tí ibà apọ́njú mú gidi, èyí tí yírunyírun (àrùn awọ ọpọlọ) ṣe, kí wọ́n ti fi bírò pupa sàmì sí káàdì tirẹ̀ kó tó kúrò ní ọsibítù. Ní ti etí, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ tó pé oṣù 1, kí wọ́n mọ̀ dájú kó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Tí a bá béèrè ìdí tí èyí kò fi bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ á ní ìgbìmọ̀ ń wò ó. Ìgbìmọ̀ wo? Kí ni wọ́n ń wò? Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi báyìí, bó bá lè rìn débẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé "ẹ wá" nìkan ni pátákó ń wí, kò wí pé "ẹ máa bọ̀". Ẹ wo ọmọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí wọnú. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ POP rẹ̀, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí méje, lẹ́yìn náà wọ́n sábà máa ń gé iṣan gìgísẹ̀ díẹ̀. Bàtà onírin ló kàn: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù 3, lẹ́yìn náà ní òru títí ọmọ yóò fi tó ọdún 4. Ìdí bàtà yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń dáwọ́ dúró, nítorí ẹsẹ̀ ti tọ́ lójú wọn. Ẹsẹ̀ á sì tún yí padà. Ọmọ tí ara rẹ̀ le náà, ilé ni ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ sí: bí a ṣe ń gbé e, bí a ṣe ń gbé e jókòó, bí a ṣe ń fún un lóúnjẹ. Màmá àgbà tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń nà án lọ́wọ́ nà án lẹ́sẹ̀, ló yẹ kí físíò kọ́kọ́ bá jókòó, kó fi hàn án pé a kì í fipá fa iṣan tó le. Pátákó kò mọ màmá yìí rí.

Ìpolówó tó ń dé etí ìlú kò ṣòro láti wá nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyálọ́jà wà ní ọjà Òkè-Ajé. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, tó ń jó níwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba lè pín iṣẹ́ yìí láàrin ara wọn, kí ẹgbẹ́ kan máa san owó ọkọ̀ ìyá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, kí òmíràn ra bàtà onírin.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kí àwọn aláṣẹ yan ilé ìwòsàn kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní yẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ náà, iye owó àti orúkọ nọ́ọ̀sì tó wà nídìí rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Bí oṣù 3 bá kọjá tí ọjọ́ náà kò yẹ̀, kí wọ́n pe akéde àti rédíò. Àwòrán ọ̀gá lè dúró ná.