Owó ìtanràn olè, ta ló ń ná an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú fọ́léfọ́lé, wọ́n gbé e dé kóòtù májísíréètì, ó ní òun jẹ̀bi. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn. Àwọn ẹbí rẹ̀ sáré sókè sódò, wọ́n san án, ó sì gba ilé lọ. Àpò ìjọba ni owó yẹn wọ̀. Ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ti ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, tó ti sanwó fún jórinjórin kó lè bá a tún irin ojú fèrèsé ṣe, kò rí kọ́bọ̀. Èmi ò gbà pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti parí. Ẹjọ́ ìfọ́lé tí ẹni tí wọ́n jà lólè bá bá ọwọ́ òfo jáde níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Kì í ṣe pé òfin wa rọ̀ o. Èkó ti ní ìwé òfin ọ̀daràn tirẹ̀ láti 2011, ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin tí a ti ń lò ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí láti ayé òyìnbó, abala 411 ló dá lé fífọ́ ilé onílé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni tó bá jẹ́ ojúmọmọ. Tó bá jẹ́ òru, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Òru tí òfin sì ń wí bẹ̀rẹ̀ láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá fi irin já ilẹ̀kùn. Tó bá ti fọwọ́ ti fèrèsé tí ẹ pa dé, tó wá na igi gígùn wọlé láti fi kọ́ báàgì yín, òfin ti kà á sí pé ó fọ́lé, ó sì ti wọlé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tiẹ̀ wà níta gbangba.

Àmọ́ májísíréètì kò ní agbára láti rán ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ fi máa ń já sí ẹ̀sùn olè jíjà, èyí tí abala 390 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí, tí adájọ́ tún lè dín kù. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Bí oṣù ẹ̀wọ̀n pọ̀, bó kéré, kò dá tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni padà.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n já ilé rẹ̀, wọ́n gbé mọ́ṣíìnì rẹ̀ àti aṣọ ẹbí àwọn oníbàárà. Ọlọ́pàá gbìyànjú, wọ́n mú ọmọkùnrin kan, wọ́n sì rí mọ́ṣíìnì náà gbà. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, kò lè gbé e lọ àfi tí ẹjọ́ bá parí. Ló bá di pé ó ń pààrà kóòtù. Lónìí, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ kò wá. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ò rí ọkọ̀ gbé afurasí wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó rẹ ìyá yìí, kò lọ mọ́, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù. Ọmọkùnrin yẹn kò rí oníduró ní gbogbo àkókò yìí, àtìmọ́lé ló wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tó jẹ́ pé ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Mọ́ṣíìnì ti dípẹtà kó tó kúrò ní tẹ́ṣàn.

Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń parí ẹ̀ sí tẹ́ṣàn. Bàbá afurasí á dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n á da owó jọ, onílé á gbà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òfin lòdì sí èyí: abala 127 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gba owó kí a lè bo irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò lè dá onílé lẹ́bi, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ti rí nǹkan gbà padà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ olówó ló ń rí ọ̀nà yìí gbà, ọmọ tálákà á sì jókòó sẹ́wọ̀n.

Ohun tí a ń fi kọ̀rọ̀ ṣe ní tẹ́ṣàn yìí, òfin ti gbà wá láàyè láti ṣe é lójú gbogbo ayé. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe òfin tuntun lórí bí a ṣe ń gbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ní 2007. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ wa yòókù náà sì ti ṣe tiwọn. Abala 319 àti 321 nínú ti 2015 fún adájọ́ láṣẹ láti ní kí ẹni tó jẹ̀bi dá ohun tó jí padà, tàbí kó san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó ṣẹ̀, ní àfikún sí ìyà mìíràn, tàbí dípò rẹ̀ pàápàá. Dípò rẹ̀! Kí ló dé tí a kì í fi í gbọ́ ọ ní kóòtù?

Ẹnì kan á ní olè ò ní nǹkan tó lè san. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹrù náà lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọjà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, òfin pàápàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó gba ẹrù olè, tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni, ọdún 14 ni abala 427 nínú ìwé òfin ọ̀daràn fi sí i. Ẹ lọ wo inú àpótí olùjẹ́jọ́, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí àwọn oníṣọ́ọ̀bù yẹn níbẹ̀. Ọmọ tó gun fẹ́ǹsì nìkan lẹ máa bá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ló yẹ kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ bèèrè dé, kí àwọn méjèèjì jọ san án.

Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kó rìsíìtì yín jọ, ti ẹrù àti ti àtúnṣe ilẹ̀kùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó wọn, kí ẹ fún ọlọ́pàá tó ń rojọ́ náà ní kóòtù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rí ẹrù yín gbà, ẹ ní kó bá yín bẹ adájọ́ pé kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ máa gbé e lọ. Tí afurasí bá sì ti ní òun jẹ̀bi, ẹ rán ọlọ́pàá náà létí owó yín kí adájọ́ tó ka iye oṣù ẹ̀wọ̀n.