Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Kó Wá sí Brighton, Ẹ Wá Ilé Kí Ẹ Tó Sanwó Iléèwé

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sanwó o! Brighton ni mo mú, torí kì í ṣe London, kò ní wọ́n. Ẹ kàn bá mi wá yàrá kan sétí òkun, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ sí ìwé onídùúró wọn."

Ohùn tí àbúrò mi kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín, tàdúràtàdúrà. Ọmọ dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mi ò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe báyìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un ni mo ń kọ síbí, kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń di ẹrù lè kà á.

Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá. Èmi náà wà ní Brighton níbí, ìlú etí òkun ní gúúsù England, mo ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ mi ń lọ síléèwé, a sì ń dúpẹ́. Ẹni tó bá ti pinnu láti lọ, ọ̀rọ̀ kì í dá a dúró. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ iléèwé ni àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà físà, lẹ́yìn náà tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra ni wọ́n tó ń rántí pé èèyàn gbọ́dọ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ilé fi wọ́n níbí. Brighton kò lè fẹ̀ mọ́. Òkun ló wà ní gúúsù rẹ̀. Ní àríwá, àwọn òkè South Downs ni, ìjọba sì ti fi òfin dáàbò bò wọ́n gẹ́gẹ́ bíi National Park láti 2010, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí wọ́n kọ́lé rẹpẹtẹ síbẹ̀. Àárín méjèèjì ni gbogbo wa há sí. Yunifásítì méjì, Sussex àti Brighton, wà nínú ìlú kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá yàrá lásìkò kan náà ní oṣù kẹsàn-án. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn dé London ní bíi wákàtí kan, nítorí náà àwọn tó ń gba owó London ń sùn níbí, àwa tó ń tọ́jú arúgbó la sì jọ ń du ilé. Tí ìgbà ooru bá dé, àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun tún ń gba nínú èyí tó kù.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀ ni ìṣirò Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà. Láti oṣù kọkànlá 2025, ẹni tó ń bọ̀ wá kàwé ní London gbọ́dọ̀ fi £1,529 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń lọ síbòmíràn, £1,171 ni. Lójú ìwé ìjọba, ọ̀kan náà ni Brighton àti Hull, ìlú kan ní àríwá England, níbi tí owó yàrá ti dín sí tibí dáadáa. Àbúrò mi ti ṣe ìṣirò tirẹ̀: £1,171 lọ́nà mẹ́sàn-án, £10,539, ó ní owó náà ti wà ní báńkì. Owó tí a fi ń gba físà nìyẹn, kì í ṣe owó tí a fi ń gbé Brighton. Yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí ẹ ó ti jọ máa lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́rin márùn-ún mìíràn, lè gbà tó £700 sí £900 lóṣù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú £1,171, kí ẹ wo ohun tó kù fún oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti aṣọ òtútù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "màá ṣiṣẹ́" ńkọ́? Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà tí iléèwé bá wọlé. Owó iṣẹ́ tó kéré jù fún àgbàlagbà láti oṣù kẹrin 2026 ni £12.71 ní wákàtí kan. £254 lọ́sẹ̀ nìyẹn, tí ẹ bá rí iṣẹ́ náà, tí wọ́n bá sì fún yín ní gbogbo wákàtí rẹ̀. Iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ etíkun máa ń pọ̀ nígbà ooru. Tó bá di oṣù kìíní, tí atẹ́gùn òkun ń gbá èèyàn lójú, wọ́n á dín wákàtí yín kù láìtọrọ àforíjì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù: ọ̀rọ̀ onídùúró.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò ní onídùúró, owó oṣù mẹ́fà ni éjẹ́ǹtì sábà máa ń ní kó kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó le, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2026, òfin tí wọ́n ń pè ní Renters' Rights Act sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Òfin náà dára, ó máa gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìyà. Ṣùgbọ́n onílé tí kò lè gba oṣù mẹ́fà mọ́, onídùúró ló máa tẹnu mọ́. Ẹbí tó wà nílé sì ti mọ ẹni tó máa jẹ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè báyìí? Onídùúró níbí kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́rìí pé ọmọlúàbí ni yín. Òun ló máa san owó ilé tí ẹ kò bá san. Òun ló máa san ohun tí ẹ bá bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ń fẹ́ kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó ìlọ́po 36 owó ilé oṣù kan. Fún yàrá £800, £28,800 nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn gbogbo wàhálà ọdún. Èyí tó burú jù ni pé tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún bá jọ fọwọ́ sí ìwé ilé kan ṣoṣo, gbèsè ẹnì kan ti di gbèsè gbogbo wọn. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, tó ń sùn ní yàrá kejì, bó bá sá lọ, onílé lè kọ̀wé sí onídùúró yín fún owó tirẹ̀ náà, àyàfi tí ìwé bá sọ pé ìpín yín nìkan ló dúró fún.

Mo mọ ìyá ọlọ́mọ kan nínú ìjọ wa tó dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà pa iléèwé tì, ó gba Scotland lọ, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ìwé gbèsè wá ń bá obìnrin yìí nílé. Ó pe ẹbí, wọ́n ní kó ní sùúrù, pé ọmọ kan náà ni gbogbo wọn. Òun náà ló san án, nínú owó tó ń kó jọ láti fi tún físà tirẹ̀ àti tàwọn ọmọ ṣe. Títí di òní, kò sẹ́ni tó pè é pé ẹ kú ìnáwó.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí n dúró fún òun, mi ò ní ṣe é, ẹ má bínú. Ẹ bi yunifásítì yín bóyá wọ́n ní ètò onídùúró fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Àwọn kan ní in. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà tó ń ṣe é fún owó, owó náà sì dùn-ún san ju ìjà ẹbí lọ. Fún ọdún àkọ́kọ́, ilé tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ó lè dà bíi pé ó wọ́n, ṣùgbọ́n owó iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá sùn ní pálọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta." Ìwé àdéhùn ilé wa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbébẹ̀, éjẹ́ǹtì sì máa ń wá yẹ ilé wò. Ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbà. Màá sebẹ̀, màá mú yín lọ ra jákẹ́ẹ̀tì, màá fi ọ̀nà hàn yín. Ẹni tó bá sọ ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́ta ń fi ilé tí àwọn ọmọ mi ń gbé ta tẹ́tẹ́.

Ibo ni kí ẹ wá gbé, nígbà náà? Tó bá jẹ́ Sussex ni iléèwé yín, Falmer ló wà, kò sí létí òkun rárá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Brighton lọ sí Lewes ń gba Moulsecoomb àti Falmer kọjá, nítorí náà ọ̀nà Lewes Road, Moulsecoomb àti Bevendean ni kí ẹ wò. Ilé ibẹ̀ kò ní wù yín yà ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ ó tètè dé kíláàsì. Ẹni tó ní ìdílé, ẹ wo ìwọ̀-oòrùn: Portslade, Southwick, Lancing, Worthing, ọ̀nà irin kan náà ló so wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, Worthing ló dára jù fún ọlọ́mọ. Ní ìlà-oòrùn, Newhaven ní ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ó ń gba Lewes yí ká. Peacehaven kò ní ibùdókọ̀ ojú irin. Bọ́ọ̀sì ni, lójú ọ̀nà A259, tí ọ̀nà yẹn bá sì ti dí, gbogbo yín ti pẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick, kí ló ń wá ní Brighton? Crawley wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Kí ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ béèrè aago tí iṣẹ́ yín ń bẹ̀rẹ̀ àti aago tó ń parí, pàápàá lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Owó tí ẹ rò pé ẹ dín lára owó ilé, táksí lè gbé e jẹ. (Ẹ sì jọ̀ọ́, láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025 ni ìjọba ti dẹ́kun fífún àwọn tuntun láti òkè òkun ní físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera (care worker). Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀, gbájúẹ̀ ni.)

Mo mọ̀ pé fọ́tò àwọn ilé funfun gíga tó dojú kọ omi ní Hove àti Kemptown ló ń wọ̀ yín lójú. Mo bá ọmọbìnrin kan kó ẹrù kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ tó rì sábẹ́ òpópónà. Nígbà tí a fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú láti ilẹ̀ dé àyà mi. Ògiri ti bu, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi bò ó kí ó tó wọlé ń ṣí bí èèpo, dúdú náà sì ti ràn mọ́ ìró àti gèlè tó kó síbẹ̀. Ọmọ náà ti ń wúkọ́ tipẹ́, onílé ní kó máa ṣí fèrèsé. Ilé àtijọ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ti tó nǹkan bí igba ọdún, òfin sì dáàbò bò wọ́n débi pé onílé ò lè déédéé pààrọ̀ fèrèsé wọn. Gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ní. Ẹ béèrè EPC ilé, ìwé tó ń fi lẹ́tà A dé G sọ bó ṣe ń pa ooru mọ́. Ilé tó bá wà lábẹ́ E, òfin kò gbà kí wọ́n fi háyà, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ọ̀fẹ́ lẹ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tọkọtaya, ẹ fetí sí èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún kì í san council tax, owó orí ilé tí káńsù ń gbà. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà kan tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nínú ilé náà, káńsù lè mú owó wá, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan nìkan ni wọ́n máa yọ; àmọ́ wọn kì í ka ọkọ tàbí ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Britain, tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kó gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kódà bó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láti Nàìjíríà fún ilé tí ẹni tí ẹ mọ̀ kò tíì wọ̀. Éjẹ́ǹtì níbí kò gbọdọ̀ gba àgírímẹ́ńtì àti kọmíṣọ́n lọ́wọ́ ayálégbé. Òfin 2019 ti fòpin sí i. Owó tí wọ́n fi ń di ilé mú kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kọ́ṣọ̀n kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, nǹkan bíi £923 fún yàrá £800, onílé sì gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ yẹ físà yín wò kó tó gbà yín sílé. Ẹni tí kò béèrè físà, tó ń kánjú gba owó, tó ní òun wà lókè òkun, kọ́kọ́rọ́ máa wá nípasẹ̀ DHL, olè ni.

Tí ẹ bá rí ilé tó jẹ́ òótọ́, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye rẹ̀ lóṣù àti orúkọ éjẹ́ǹtì. Ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, màá lọ wò ó fún yín, màá fa kọ́bọ́ọ̀dù, màá sì ya fídíò ògiri ẹ̀yìn rẹ̀.