Ìdámẹ́wàá: ṣé lórí owó ọjà ni, àbí lórí èrè?

Ọmọbìnrin kan tó ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ló bi mí lánàá bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n máa san ìdámẹ́wàá. Kí ni kí n pín sí mẹ́wàá? Gbogbo owó tí mo pa ni, àbí èyí tó kù sí mi lọ́wọ́?" Ẹ̀rín pa mí, torí ìbéèrè yẹn ti fi ojú mi rí màbo rí.

Ẹ̀wà àti gàrí ni mò ń tà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo owó tó bá wọ agolo mílíìkì tí mo fi ń gba owó ni mò ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Alẹ́ Sátidé ni mo máa ń kà á sórí ẹní, tí màá wá gbé káàdì ìdámẹ́wàá mi, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kọ iye tí mo bá san, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò. Ẹ jẹ́ ká ní mo ra àpò ẹ̀wà kan ní ₦80,000, mo tà á tán ní ₦86,000. Owó ọkọ̀, alábàárù àti tíkẹ́ẹ̀tì ọjà gba ₦2,500. ₦3,500 ló kù sí mi lọ́wọ́. Èmi wá gbé ₦8,600 lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Mo ti jẹ ₦5,100 nínú ojú owó nìyẹn, lórí àpò kan ṣoṣo, n kò tíì ra ọṣẹ, n kò tíì jẹun. Kò pé oṣù mẹ́rin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀wà láwìn. Mo sọ fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ó ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré, kí n fi kún un. Mo fi kún un o. Ẹni tó ń kó ẹ̀wà wá fún mi láti Òkè Ọya kò bèèrè ìgbàgbọ́, owó rẹ̀ ló ń bèèrè.

Ìyá mi, tí kò ka ìwé kankan, ló là mí lójú. Ó ní, "Ojú owó kì í ṣe tìẹ, ti olówó ọjà ni. Ṣé owó olówó lo wá fi ń sin Ọlọ́run?"

Ni mo bá jókòó ti Bíbélì fúnra mi. Málákì 3:10-11 là ń gbọ́ ṣáá, ilé ìṣúra, fèrèsé ọ̀run, ajẹnirun. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Deutarónómì 14. Ìbísí oko ni wọ́n ní kí wọ́n dá ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ìbísí! Àpò ẹ̀wà tí mo fi ₦80,000 rà kò tíì bí nǹkan kan, ₦3,500 yẹn ló bí. Ẹ máa kà á lọ: bí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n sọ ọ́ di owó, kí wọ́n fi ra màlúù, àgùntàn, wáìnì, ohun tó bá wù wọ́n, kí àwọn àti ará ilé wọn jẹ ẹ́ níwájú Olúwa. Tó bá di ọdún kẹta, ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó ló ni ín. Láti kékeré ni mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n ka ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé igbá ọrẹ jáde.

Ti òṣìṣẹ́ ìjọba yàtọ̀, wọn kò ní ojú owó. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàkà, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Wọ́n á yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ti alájẹṣẹ́kù kí àlàáàtì tó dún, iye tó bá sì dún náà ló ń ṣírò. Èmi ní owó orí kò kan ọwọ́ rẹ̀ rí, kó fi í sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ tó bá gbà á ni kó san tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ti alájẹṣẹ́kù, owó tirẹ̀ tó ń tọ́jú ni, kò yẹ kó fò ó. Ó ní kí n lọ máa ta ẹ̀wà mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan sọ pé ìdámẹ́wàá ti bá òfin Mósè lọ. Láti 2017 tí Daddy Freeze, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò nì, ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ábúráhámù san án kí wọ́n tó bí Mósè. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù náà ní kí kálukú ṣe bó ti pinnu lọ́kàn, kì í ṣe ti àìgbọdọ̀ má ṣe, torí náà n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi káàdì dẹ́rù bà mí mọ́. Èrè nìkan ni mò ń ṣírò. Mo sì máa ń yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún opó kan ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó lọ, kó bá Deutarónómì jà.

A jọ ṣírò ti ọmọbìnrin yẹn. Èrè ọjọ́ náà jẹ́ ₦4,200. Ó wo ₦420 tó kà sọ́tọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú kò ní tì mí báyìí?" Mo ní ojú kì í ti Ọlọ́run. Ó ká a, ó tì í bọ àpò èpúrọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́tọ̀, ó wá kọjú sí alájọ tó ti dúró dè é láti àárọ̀.